Ohun Tí A Máa Kọ́kọ́ Gbé Wọlé

Ẹni tó bá fẹ́ dé Awoye létíkun Ìlàjẹ ní láti gbàgbé mọ́tò. Òrè la ti yà kúrò lójú títì Èkó sí Benin, a gba Òkìtìpupa kọjá, nígbà tí a sì dé Igbókọ̀dá, ilẹ̀ tán. Omi ló kù, àti àwọn ọmọkùnrin tó ń pe èrò sọ́kọ̀: "Àyétòrò! Ugbónlà! Awoye, ó ku ẹnì kan!" Ẹnì kan náà kì í tètè dé. Mo jókòó sórí pákó láàárín kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù àti páálí Indomie. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ju láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí òórùn ẹja ti wọ̀ lára sí mi, awakọ̀ fa okùn ẹ́ńjìnnì, a gbéra.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ ló fa ìrìnàjò yìí. Ó ní àwọn èèyàn òun ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ó yẹ kí etíkun àwọn náà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Nígbà tó sì ti mọ̀ pé mi ò lè kọjá irú ilé bẹ́ẹ̀ kí n má yà wọ̀ ọ́, ó bi mí léèrè: "Bí wọ́n bá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tó ṣófo, kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí wàá gbé síbẹ̀?" Ìbéèrè náà rọrùn létí, ìdáhùn rẹ̀ ló le. Ohun tó bá ti wọ ìwé àkọsílẹ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í sábà jáde mọ́, ohun tó bá sì ń bọ̀ lẹ́yìn a máa wá ẹni tó jọ ọ́ nínú ilé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó ère jọ, ère ni wọn yóò máa gbé wá fún un. Onímọ̀ ère ni yóò gbà síṣẹ́. Pẹpẹ rẹ̀, gíláàsì rẹ̀, iná rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di ti ère. Bí ẹnì kan bá wá gbé àwọ̀n ẹja dé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà, wọn ò ní mọ ibi tí wọn ó fi kọ́. Kò sí ẹni tó kórìíra àwọ̀n o. Ilé ni kò ní èèkàn rẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó jẹ́ kí n lọ rí etíkun náà kí n tó dáhùn.

Odò láti Igbókọ̀dá fẹ̀, ojúoró sì bò ó ní ibi púpọ̀. Nígbà mìíràn awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, á gbé ìdí rẹ̀ sókè, á fi ọwọ́ já ewé tó ti lọ́ mọ́ ọn, á tún fa okùn. Lẹ́bàá odò, àwọn ilé dúró lórí òpó igi, ṣọ́ọ̀ṣì dúró lórí òpó, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta káàdì ìpè dúró lórí òpó. Bí a ṣe ń sún mọ́ òkun ni igi tútù ń dínkù. Ó pẹ́ díẹ̀, ó di kìkì igi gbígbẹ tó nàró láìní ewé kankan. Mo bi awakọ̀ pé kí ló pa wọ́n. "Iyọ̀ ni, ọ̀gá. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi fún iṣẹ́ epo, òkun wá gba ibẹ̀ wọlé. Omi tí àwọn bàbá wa ń mu, ẹja gan-an kò lè gbé inú rẹ̀ mọ́, ká má tíì sọ ti igi." Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Etíkun Èkó jẹ́ yanrìn, ṣùgbọ́n láti ìhà Ìlàjẹ lọ dé ẹnu odò Benin, ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ kì í sì í bá ìgbì jà kó borí.

Ní Awoye, ẹ̀yìn ni àwọn èèyàn ń sún sí. Òkun ń bọ̀, wọ́n ń tú pákó, wọ́n ń lọ ri òpó tuntun mọ́lẹ̀. Obìnrin kan tó ń sá edé na ọwọ́ sí ojú omi gbalasa fún mi: ibẹ̀ ni ilé ìyá òun wà, ibí ni ilé ẹ̀kọ́ wà, ọ̀hún ni wọ́n ń sin òkú sí. Mo ń wo ìka rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan ju ìgbì lọ. Nínú òkun níwájú ìlú yìí kan náà ni kànga epo Ororo-1 ti bú gbàmù ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, tí iná sì ń jó lórí omi níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ẹ wá fojú inú wò ó: ìlú tí kò lè mú ilẹ̀ ara rẹ̀ dúró, kí la máa sọ pé ó jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀?

Ní Nàìjíríà, ọwọ́ ẹnì kan ni ìdáhùn irú ìbéèrè yìí wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kenneth Murray lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1927 ló dé, ó wá kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, lẹ́yìn tí ayàwòrán Aina Onabolu, tó ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà tẹ́lẹ̀, ti ń rọ ìjọba pé iṣẹ́ ọ̀hún ju ti òun nìkan lọ. Ó kọ́ni ní Ìbàdàn, ó kọ́ni ní Umuahia. Ben Enwonwu wà lára àwọn tó kọ́, wọ́n sì pàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn Zwemmer ní London ní 1937. Bó ṣe ń kọ́ni ló ń rìn kiri, ó sì ń rí bí ère ṣe ń tán nílẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ tuntun ń dáná sun ún, ikán ń jẹ ẹ́, oníṣòwò ń rà á lówó pọ́ọ́kú. Ó pariwo títí ìjọba fi yàn án ní 1943 láti máa bójú tó ohun àtijọ́ ilẹ̀ yìí. Òun nìkan ló ń sá sókè sá sódò títí Bernard Fagg fi dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn náà ni ilé wá ń ṣí: Jos ní 1952, Ifẹ̀ ní 1954, Oníkàn l'Ékòó ní 1957. Ìjàmbá ọkọ̀ ló pa á ní 1972.

Mi ò wá sọ̀rọ̀ Murray láìdáa. Ká ní kò sí i, ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń mú ọmọ iléèwé lọ wò ní Oníkàn ì bá wà ní pálọ̀ olówó kan ní New York. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìsáré rẹ̀ fà. Owó tó ní kéré, ọ̀tá tó ní pọ̀. Ohun tí oníṣòwò fẹ́ gbé lọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà, èyí túmọ̀ sí ère, ìbòjú, idẹ, eyín erin. Lójú tèmi, ọjà London bá wa yan ohun tí a tọ́jú sí Oníkàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà London náà ni Murray ń bá jà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jí àwọ̀n Awoye gbé, nítorí náà kò sẹ́ni tó sáré gbà á là.

Nígbà tó yá, òfin wá fi èdìdì dì í. Òfin ohun àtijọ́ jáde ní 1953; èyí tó dá àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ jáde ní 1979. Òfin yìí ka oríṣiríṣi nǹkan sílẹ̀: ère, òpó ilé, ilẹ̀kùn, ìbòjú, ọ̀pá, ìlù, ohun èlò, ohun ìjà. Ó wá ní kí wọ́n tó kà á sí ohun àtijọ́, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ṣe é ṣáájú ọdún 1918, tàbí kó jẹ́ ohun tó ní iyì tí wọ́n ti fi ṣe ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà méjì ni òfin ṣí: ọjọ́ orí àti orò.

Mo gbé ẹnu ọ̀nà méjèèjì yìí dé ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Awoye, láìsọ fún un pé òfin ni mo gbé wá.

Ó dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé lórí pákó méjì. Ó kó imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ jọ, ó ṣáná sí i, ó ń fi iná náà gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kó dúró lójú kan. Ibi tí iná bá ti kàn a máa dúdú, omi á yọ kíkankíkan lójú ihò wẹ́wẹ́ tí ara igi náà ní. Inú ihò wọ̀nyẹn ni kòkòrò ń gbé. Omi iyọ̀ ló ń mú un wá, ó sì lè jẹ ìdí ọkọ̀ tán kí olówó rẹ̀ tó mọ̀. Nígbà tí iná parí iṣẹ́, bàbá fi èéfọ́ agolo ha eérú kúrò, ó fi ọ̀dà dí ibi tó ti lu. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní páànù pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n kàn mọ́ ojú sísán, ọ̀kan lára wọn ṣì ní àwòrán màálù wàrà lórí. Ní iwájú ọkọ̀, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin sí i.

"Bàbá, ọkọ̀ yìí á ti pẹ́ o?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọkọ̀ kì í dàgbà níbí. Kó tó hu ewú, òkun ti jẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò sí ohunkóhun ní Awoye tó lè ti wà ṣáájú 1918. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ nígbà náà gan-an ti wọ inú òkun. Ẹnu ọ̀nà kejì ńkọ́? Wọ́n ń bọ Málòkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, wọ́n sì ń bẹ̀rù Ayélála débi pé ẹni tó jí adìẹ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tí mo ń wò yìí, ẹja nìkan ló ń pa. Àfi kí n bá bàbá yìí purọ́ mọ́ àjẹ̀ rẹ̀ pé ó ti jó níwájú ojúbọ rí.

Ẹnì kan á sọ pé òfin ò ní kí olùtọ́jú má gba ọkọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin ló ń kọ́ ojú ní ohun tó máa wò. Ẹ̀rí pé ìlànà lè yẹ̀ nígbà tí àwọn alágbára bá fẹ́ kó yẹ̀ sì wà ní Oníkàn kan náà: ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976. Wọn ò ṣe é ṣáájú 1918, wọn ò fi bọ ohunkóhun, ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n sì ti ṣe é. Síbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè tí wọ́n bá wọlé, tí wọ́n sì ń dúró tì pẹ́ jù. Èmi náà ti dúró tì í, mo ti ka ojú ọta ìbọn. Bí mọ́tò bá lè wọlé nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ọkọ̀ igi tí ìlú kan gbé ìgbé ayé rẹ̀ sínú rẹ̀ náà lè wọlé.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ bàbá, mo bi í pé ta ló gbẹ́ ọkọ̀ náà. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá dùn. Ó dárúkọ agbẹ́kọ̀ náà àti orúkọ bàbá agbẹ́kọ̀. Ó ní ìhà Àrògbò ló ń gbé, láàárín àwọn Ijaw. Ó sọ irú igi tó jẹ́, inú igbó tí wọ́n ti gé e, ẹni tó ni igbó, owó tí òun san, èyí tí òun fi ẹja yíyan dí lára owó, àti òjò ọdún tí wọ́n wọ́ ọ dé omi. Ó sọ ọ́ láìsinmi, ó sì padà tún ibì kan ṣe nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ké láti inú ilé pé kì í ṣe ọdún yẹn.

Àwọn ilé ńláńlá ilẹ̀ òkèèrè ì bá san owó gọbọi láti ní ìtàn bẹ́ẹ̀ lórí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ rántí ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, ilé British Museum rí i, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ṣe pààrọ̀ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Àga bọ́ sí Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn dúró sí London. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn kò bá a dúró. Ọlọ́wẹ̀ ti kú ní 1938 kí àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ ọnà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọdé kan ní Ìsẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ tí ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ ni kò béèrè. Ẹ̀yà ni wọ́n kọ, ìlú ni wọ́n kọ, wọ́n fi ibi orúkọ sílẹ̀ lófo, ó sì di àṣà tí ọ̀pọ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jogún lágbàáyé: ohun tí òyìnbó bá yà ní orúkọ, ohun tí Yorùbá bá gbẹ́ ní ẹ̀yà.

Lọ́sàn-án, mo jókòó ti àwọn obìnrin tó ń hun ẹní. Ẹní Ìlàjẹ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ná ọjà Igbókọ̀dá. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òkè ni wọ́n ti ń ra koríko rẹ̀ wá báyìí, nítorí pé èyí tó wà nítòsí ti bá iyọ̀ lọ. Ó ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, kò wo ẹní náà rárá. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti lọ sí Ifẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Mọ́remí. Àwọn tó ń yọ Ifẹ̀ lẹ́nu, Ugbò ni wọ́n, ìyẹn àwọn baba ńlá àwọn tí mo jókòó tì yìí. Nínú ìtàn bí Ifẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, iko ni wọ́n máa ń dà bora tí wọ́n á fi jọ iwin, títí Mọ́remí fi tú àṣírí pé iná ni ẹ̀rọ̀ wọn. Ugbò fúnra wọn ní ìtàn tiwọn: wọ́n ní àwọn ló ni Ifẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé sì ni àwọn. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí, Olúgbò àti Ọọ̀ni ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí ni pé iko jóná nínú ìtàn, ó sì tún pòórá nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ hú orí idẹ jáde. Orí kan bọ́ sí British Museum, méjì bá William Bascom, onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà, dé ìlú rẹ̀ kí ó tó dá wọn padà. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí kó èyí tó kù sí ààfin, kò jẹ́ kí wọ́n fọ́n ká, nígbà tí wọ́n sì kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1954, ẹ̀gbẹ́ ààfin ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ìpinnu ọba kan ṣoṣo nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí àlejò máa lọ sí Ifẹ̀ títí dòní láti wo Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n idẹ ló kó, torí idẹ ló yọ. Ìran tó fi iko ṣe ọnà kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé díẹ̀ ló kù kí etíkun Ìlàjẹ yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń kó gbogbo nǹkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1885, oníṣòwò ará Jámánì kan, Gaiser, tó ní ilé ìtajà l'Ékòó, gba ilẹ̀ etíkun Màhín lọ́wọ́ Àmàpetu, ọba ibẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ta àsíá Jámánì síbẹ̀. Bismarck, olórí ìjọba Jámánì, kò tẹ̀ lé e, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní Berlin nígbà náà, Adolf Bastian ni olórí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń bójú tó àṣà àwọn ẹ̀yà ayé. Ìlànà tí òun gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n kó ohun gbogbo: ṣíbí, agbọ̀n, ìwọ̀, àwọ̀n, ìkòkò, kí ó tó parun. Òótọ́ ni pé àṣejù rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì kó púpọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n kó. Ìlànà yẹn ló jẹ́ kí Felix von Luschan, tó ń ṣiṣẹ́ nílé náà, máa ra idẹ Benin lọ lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì kógun ja Benin ní 1897, títí ó fi lé ní 500, àwọn tí Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé pé ti Nàìjíríà ni ní 2022. Síbẹ̀, ká ní àsíá náà dúró ní Màhín, ó ṣeé ṣe kí àwọ̀n Ìlàjẹ ti ọdún 1890 wà nínú àpótí kan ní Berlin lónìí, kí á sì máa jà láti gbà á padà.

Kì í ṣe ohun ìgbàanì nìkan ni ìpinnu àkọ́kọ́ tì síta. Bí wọ́n ṣe kọ "ohun àtijọ́" sí ẹnu ọ̀nà ní 1943, àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní kò nílé. Onabolu tó tìtorí iṣẹ́ ọnà bẹ ìjọba kò rí yàrá níbẹ̀. Ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ tó fi òfin gbé àjọ àwòrán kalẹ̀ lọ́tọ̀, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan. Ẹnìkan ṣoṣo, Ọmọba Yẹmisí Shyllon, ló wá kó ẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ fún yunifásítì Pan-Atlantic, tí ilé náà ṣí ní oṣù kẹwàá 2019. Ilé tó dáa ni, mo gba ẹni tó bá rìn dé Lẹkí nímọ̀ràn kó yà síbẹ̀. Àmọ́ ohun tí ọmọba fẹ́ràn láti ogójì ọdún sẹ́yìn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, orí ìpìlẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń bọ̀ yóò sì máa mọ lé.

Ní alẹ́, ọmọkùnrin kan fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ó ti ń ya fídíò láti ìgbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì: omi ń wọ kíláàsì, àwọn géńdé ń gbé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì léjìká lọ síbi tuntun, iná Ororo ń pọ́n lójú òfuurufú lóru. Gíláàsì fóònù náà ti là. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Mo sọ fún un pé àkójọ kan nípa ìgbé ayé àwọn apẹja Ìlàjẹ wà nínú fáìlì ilé ẹjọ́ ní San Francisco. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gun pèpéle epo Parabe lọ fẹ̀hónú hàn ní oṣù karùn-ún 1998, tí ìbọn sì pa méjì nínú wọn, wọ́n pe ilé iṣẹ́ Chevron tó ni pèpéle náà lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ adájọ́ dá ilé iṣẹ́ náà láre ní ìparí 2008. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja ti jẹ́rìí, wọ́n ti sọ bí omi ṣe rí tẹ́lẹ̀, bí ẹja ṣe rí, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Agbẹjọ́rò ló béèrè ohun tí olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò béèrè.

Mo wá lè dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn.

Awoye kọ́ ni kí wọ́n kọ́ ilé náà sí. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹrẹ̀ yìí ò ní gbé e. Igbókọ̀dá ni kí ó wà, kí ẹ̀dà gbogbo ìwé àti fídíò rẹ̀ sì wà ní ibòmíràn. Ọ̀ràn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Oron yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n: ó lé ní 600 ère ekpu tí Murray àti àwọn ará ìlú kó jọ síbẹ̀, ilé ṣí, ogun abẹ́lé dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ ráúráú.

Ọkọ̀ bàbá yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé. Kì í ṣe èyí tuntun tí wọ́n kùn fún àlejò o, òun gan-an, pẹ̀lú páànù wàrà àti orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kí ohùn bàbá wọ ìwé kí igi tó wọlé: orúkọ agbẹ́kọ̀, igbó, owó, ẹja tó fi dí owó, àti ibi tí ìyàwó ti tún un ṣe. Bí ọkọ̀ náà bá sì jẹrà, kí wọ́n ní owó nílẹ̀ láti gbé iṣẹ́ fún ọmọ agbẹ́kọ̀ náà, kó gbẹ́ òmíràn níṣojú àwọn ọmọ iléèwé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kò yẹ kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́ tuntun, kó lọ wo ẹ̀kú eégún ilé bàbá rẹ̀, kó ka iye aṣọ tí wọ́n ti gán lé e láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di ọdún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ pé eégún àtijọ́ kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tó wà l'Ékòó, l'Ákùúrẹ́ àti lókè òkun, ẹ má dúró dé ìjọba. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín tó kù ní etíkun ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ bi í pé ta ló gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tẹ ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Kí ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a nínú yín ra ọkọ̀ kan tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa, kó fi sábẹ́ òrùlé tí òjò kò ní pa, kó kọ orúkọ agbẹ́kọ̀ sórí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé bá dé, ẹ ti ní ohun tó kọ́kọ́ wọlé.